Ẹ̀tọ́ Ni Ó Ń Ṣáájú Ọrẹ
Ẹ̀kọ́ lórí Òfin Keje, fún àwọn tí ń múra fún Ìrìbọmi



Nínú ẹ̀kọ́ wa lórí Òfin Mẹ́wàá Ọlọ́run, a ti dé orí Òfin Keje, èyí tí ó ka olè jíjà léèwọ̀. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó máa ń fojú fo òfin yìí, nítorí pé wọn kò fọ́ ilé ẹnikẹ́ni rí, wọn kò sì yọ owó nínú àpò ẹnikẹ́ni rí ní ọjà Dàńtọkpá. Ṣùgbọ́n Ìjọ Mímọ́ kọ́ wa pé òfin náà gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kan owó iṣẹ́ tí a kò san, ó kan àdéhùn tí a dà, ó sì kan ọ̀nà tí ọ̀gá ń gbà lo agbára rẹ̀ lórí ẹni tí ó ń jẹun lábẹ́ rẹ̀. Ó tún kan ọ̀rọ̀ kan tí ó máa ń dun àwọn òṣìṣẹ́ dé ọkàn, èyíinì ni kí ilé iṣẹ́ máa dá àwọn ènìyàn rẹ̀ dúró lẹ́nu iṣẹ́, kí ó sì máa ta ará ìta lọ́rẹ ní àkókò kan náà.

Ìbéèrè tí ó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí kò kéré. Bí ọ̀gá bá fún òṣìṣẹ́ ní ìwé pé kí ó máa lọ sílé nítorí pé owó kò sí, tí òṣìṣẹ́ náà sì gbọ́ lórí rédíò ní ọ̀sẹ̀ kan náà pé ọ̀gá yìí ti fi owó ńlá ṣe ìtọrẹ àánú, ǹjẹ́ ọrẹ náà dára lójú Ọlọ́run? Ǹjẹ́ ìbínú òṣìṣẹ́ náà jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀? Bí ó bá jẹ́ katekúmẹ́nì ni, ǹjẹ́ ó lè gbé irú ìbínú bẹ́ẹ̀ lọ́kàn wọ inú omi Ìrìbọmi? Ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò ní ẹsẹ̀-ẹsẹ̀.

1. Ohun tí ojú ti rí ní agbègbè wa

Àwọn àgbàlagbà tí wọ́n wà ní Kútọnu ní 1988 àti 1989 kò lè gbàgbé ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nígbà náà. Báǹkì mẹ́ta tí ó jẹ́ ti ìjọba ni ó dẹnu kọlẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀: Banque Béninoise pour le Développement, Banque Commerciale du Bénin, àti Caisse Nationale de Crédit Agricole. Wọ́n ti yá àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba àti àwọn alágbára ní owó tí kò padà wá mọ́. Owó tí oníṣòwò fi pamọ́ há síbẹ̀. Oṣù ń gorí oṣù, òṣìṣẹ́ ìjọba kò rí owó gbà. Nígbà tí a ti àwọn báǹkì náà pa, àwọn tí ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ di aláìníṣẹ́. Ní àkókò Lẹ́ǹtì ọdún 1989, àwọn bíṣọ́ọ̀bù ilẹ̀ wa kọ lẹ́tà sí àwọn ọmọ Ìjọ, wọ́n sì pe gbogbo orílẹ̀-èdè sí ìyípadà ọkàn. Nígbà tí àpérò gbogbo orílẹ̀-èdè sì wáyé ní Kútọnu láti ọjọ́ 19 sí ọjọ́ 28 oṣù kejì ọdún 1990, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza ni a fi ṣe alága rẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé Ìjọ kò sọ nígbà náà pé ọ̀rọ̀ owó àti iṣẹ́ kò kan òun. Ibi tí ebi bá ti ń pa ọmọ, ìyá kò lè sọ pé àdúrà nìkan ni iṣẹ́ òun.

Ní Nàìjíríà, níbi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní ẹbí sí, Báǹkì Àpapọ̀ pàṣẹ ní ọdún 2004 pé owó ìdókòwò báǹkì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ tó bílíọ̀nù 25 náírà. Nígbà tí ọdún 2005 fi parí, báǹkì 89 ti di 25, ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣìṣẹ́ sì ti pàdánù iṣẹ́ wọn.

Èyí tí ó bá ẹ̀kọ́ wa mu jù lọ ṣẹlẹ̀ ní ọdún 2020. Ní oṣù kẹta ọdún náà, nígbà tí àrùn kòrónà dé, Báǹkì Àpapọ̀ Nàìjíríà, Aliko Dangote Foundation àti Access Bank ṣáájú àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá láti dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí a ń pè ní CACOVID, kí wọ́n lè kó owó jọ fún ibùdó ìtọ́jú aláìsàn àti oúnjẹ aláìní. Access Bank wà lára àwọn báǹkì tí ó dá bílíọ̀nù kan náírà. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn náà tí fídíò kan fi tàn kálẹ̀, nínú èyí tí Herbert Wigwe, ọ̀gá àgbà báǹkì náà nígbà náà, ti ń bá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sọ pé ọ̀pọ̀ ẹ̀ka ni ó wà ní títì, pé báǹkì kò ní nílò ọ̀pọ̀ nínú àwọn òṣìṣẹ́ alágbàṣe mọ́, àti pé a óò dín owó oṣù kù. Ariwo ta. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ kò ju ọ̀kan lọ: báwo ni ẹni tí ó rí owó ta ará ìta lọ́rẹ ṣe lè sọ pé òun kò rí owó bọ́ ará ilé? Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù karùn-ún, Báǹkì Àpapọ̀ àti ìgbìmọ̀ àwọn ọ̀gá báǹkì fẹnu kò pé báǹkì kankan kò gbọdọ̀ dá òṣìṣẹ́ dúró ní àkókò náà láìgba àṣẹ.

Kí a má baà rú Òfin Kẹjọ níbi tí a ti ń kọ́ Òfin Keje, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́ náà tán. Ọ̀gá àgbà yìí sọ nínú ọ̀rọ̀ kan náà pé owó oṣù ti òun gan-an ni a óò dín kù jù lọ, títí dé ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn ibùdó tí owó náà kọ́ gba àwọn aláìsàn. Ebi sì ń pa àwọn tí a torí wọn ra ìrẹsì ní tòótọ́. Bí ó tilẹ̀ rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí ó di oṣù kẹwàá ọdún 2020, àwọn ènìyàn já wọ inú ilé ìkẹ́rùsí ní Èkó àti ní àwọn ìlú mìíràn, wọ́n sì bá oúnjẹ CACOVID tí a kò tíì pín níbẹ̀. Herbert Wigwe ti di olóògbé ní ọdún 2024. A kò pè é síwájú ìdájọ́ níhìn-ín, nítorí pé ti Ọlọ́run ni ìdájọ́. Ẹ̀kọ́ ni a ń wá.

2. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ẹ̀tọ́ àti ọrẹ

Ẹ̀tọ́ ni ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kejì mi, yálà mo fẹ́ tàbí mo kọ̀. Ọrẹ ni ohun tí ó jẹ́ tèmi, tí mo fi fún un nítorí ìfẹ́. Bí mo bá jẹ ẹnì kan ní gbèsè 10.000 fránkì, tí mo wá fún un ní 2.000 níwájú àwọn ènìyàn, tí wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún mi, n kò tíì ṣe ọrẹ kankan. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní 8.000. Ìdí nìyí tí Katikísímù Ìjọ Kátólíìkì, ní ìpín 2446, fi gba ẹ̀kọ́ Àpérò Vatican Kejì pé kí a kọ́kọ́ ṣe ohun tí ẹ̀tọ́ béèrè, kí a má ṣe fi ohun tí a jẹ ènìyàn ní gbèsè ṣe ọrẹ àánú fún un. Póòpù Benedict Kẹrìndínlógún tún ọ̀rọ̀ yìí sọ nínú lẹ́tà rẹ̀ ti ọdún 2009 tí a ń pè ní Caritas in Veritate. Ó kọ́ wa pé ìfẹ́ ga ju ẹ̀tọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò sí ìfẹ́ tòótọ́ níbi tí ẹ̀tọ́ kò bá sí. Àwọn baba wa ti rí i tipẹ́, wọ́n ní ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tí ó ṣe ara rẹ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ ní ìta, tí ilé rẹ̀ wà ní ìhòhò, ẹ̀ṣọ́ náà kò tọ́jọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bi Ìwé Mímọ́. Nínú Ìhìnrere Máàkù, orí keje, Olúwa wa bá àwọn Farisí wí nítorí ohun tí wọ́n ń pè ní Kọ́bánì. Ọmọ kan yóò sọ pé owó tí ó yẹ kí òun fi tọ́jú bàbá àti ìyá òun ti di ti Tẹ́ńpìlì. Ẹ̀bùn fún ilé Ọlọ́run ni, kí ni ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ? Síbẹ̀, Jésù kò gbà á. Ó ní irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ sọ òfin Ọlọ́run di asán, nítorí pé ẹnu àwọn òbí tí ebi ń pa ni a ti yọ ọ́. Ìwé Síráákì, ọ̀kan nínú àwọn ìwé tí àwa Kátólíìkì ní nínú Bíbélì wa, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní orí 34, ó fi ẹni tí ó gba oúnjẹ òòjọ́ lẹ́nu aláìní wé apànìyàn, ó sì ní ẹni tí ó fi owó iṣẹ́ du alágbàṣe ti ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ní orí kan náà ni ó ti sọ pé Ọlọ́run kò tẹ́wọ́ gba ẹbọ tí a fi ohun àìtọ́ rú.

Nísinsìnyí, ẹ wo Sákéù nínú Ìhìnrere Lúùkù, orí 19. Nígbà tí Jésù wọ ilé rẹ̀, ó dìde, ó sì ṣe ìlérí méjì. Ó ní òun yóò fi ìdajì ohun ìní òun fún àwọn tálákà. Ó tún ní ẹnikẹ́ni tí òun bá ti rẹ́ jẹ, òun yóò dá a padà fún un ní ìlọ́po mẹ́rin. Kò da méjèèjì pọ̀. Kò sọ pé nítorí pé òun ti fún tálákà, kí ẹni tí òun rẹ́ jẹ máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀tọ̀ ni ìdajì tí ó jẹ́ ọrẹ, ọ̀tọ̀ sì ni ìlọ́po mẹ́rin tí ó jẹ́ ẹ̀tọ́. Ilé tí méjèèjì bá pé sí ni Jésù sọ pé ìgbàlà ti dé.

Ṣé a wá fẹ́ sọ pé gbogbo ọ̀gá tí ó bá dá òṣìṣẹ́ dúró ti jalè ni? Rárá o. Katikísímù náà gbà, ní ìpín 2432, pé èrè pọn dandan kí ilé iṣẹ́ má baà kú, nítorí pé bí ó bá kú, gbogbo ènìyàn ni yóò pàdánù. Ṣùgbọ́n ní ìpín kan náà ni ó ti sọ pé àwọn tí ń darí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ro ire ènìyàn, kì í ṣe èrè nìkan. Nítorí náà, ohun mẹ́ta ni ó yẹ kí ọ̀gá tí ó jẹ́ onígbàgbọ́ bi ara rẹ̀ kí ó tó fọwọ́ sí ìwé ìdádúró.

Èkíní: orí ta ni mo kọ́kọ́ gbé ẹrù náà lé? Àwọn Yorùbá ní òṣìṣẹ́ wà lóòrùn, ẹni tí yóò jẹ ẹ́ wà níbòòji. Bí àkókò bá le, ẹni tí ó ti ń jẹ ní ibòòji ni ó yẹ kí ó kọ́kọ́ jáde sínú oòrùn. Kí a dín ti ọ̀gá kù kí a tó gba gbogbo ti ẹ̀ṣọ́ tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

Èkejì: ǹjẹ́ mo ti san gbogbo ohun tí mo jẹ? Owó oṣù, owó ìsinmi, owó àkókò ìkìlọ̀, àti owó tí mo ń yọ lóṣooṣù fún Caisse Nationale de Sécurité Sociale: ti òṣìṣẹ́ ni gbogbo rẹ̀. Ẹni tí ó yọ owó náà kúrò nínú owó oṣù òṣìṣẹ́, tí kò sì san án síbi tí ó yẹ, olè ni ó jà, bí ó tilẹ̀ kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ̀kẹta: ǹjẹ́ mo sọ òtítọ́ fún wọn? Ẹni tí ó ti fi ọdún mẹ́wàá sìn ọ́ kò yẹ ní ẹni tí yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, kí ẹ̀ṣọ́ máa sọ fún un pé orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé mọ́. Bákan náà ni ti àwọn alágbàṣe. Ó lè jẹ́ pé ilé iṣẹ́ mìíràn ni ó kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí òfin sì sọ pé wọn kì í ṣe òṣìṣẹ́ báǹkì. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ báǹkì ni wọ́n ń gbá, Ọlọ́run sì rí wọn níbẹ̀.

Nípa ìpolongo ọrẹ, Olúwa wa ti sọ èyí tí ó tó nínú Ìhìnrere Mátíù, orí kẹfà. Ó ní kí a má ṣe fun fèrè níwájú ara wa nígbà tí a bá ń ṣe àánú, nítorí pé ẹni tí ó bá ṣe é kí a lè yìn ín ti gba èrè rẹ̀ tán. Owó tí ilé iṣẹ́ ná kí orúkọ rẹ̀ lè dára lójú ayé, owó ìpolówó ọjà ni. Ìpolówó ọjà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a pè é ní orúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, bí olùfúnni tilẹ̀ pàdánù èrè rẹ̀ lọ́dọ̀ Ọlọ́run, ìrẹsì tí opó sè fún àwọn ọmọ rẹ̀ ṣì jẹ́ ìrẹsì. Ó yó wọn. A gbọ́dọ̀ dúpẹ́ fún ìyẹn.

3. Ìbínú òṣìṣẹ́

Ìbínú sí àìṣòdodo kò fi bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀. Ìhìnrere Máàkù, orí kẹta, sọ fún wa pé Jésù fúnra rẹ̀ wo àwọn ọlọ́kàn líle yíká pẹ̀lú ìbínú. Nínú Ìwé Ẹ́ksódù, Ọlọ́run gbọ́ igbe àwọn ọmọ Ísráẹ́lì lábẹ́ àwọn akóniṣiṣẹ́. Ìjọ sì ka owó iṣẹ́ tí a fi du alágbàṣe mọ́ àwọn ẹ̀ṣẹ̀ tí ń ké sí ọ̀run, pa pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ Ábẹ́lì. Bí ọ̀run bá gbọ́ igbe náà, ẹnikẹ́ni kò ní ẹ̀tọ́ láti sọ fún òṣìṣẹ́ pé kí ó pa ẹnu mọ́ nítorí pé ó fẹ́ di Kristiẹni.

Ṣùgbọ́n Mímọ́ Pọ́ọ̀lù kọ́ àwọn ará Éfésù pé, bí inú bá bí wa, kí a má ṣe dẹ́ṣẹ̀, kí a má sì jẹ́ kí oòrùn wọ̀ bá ìbínú wa, kí Èṣù má baà rí àyè. Àyè wo ni Èṣù máa ń rí nínú irú ọ̀rọ̀ yìí? Mẹ́ta ni a óò dárúkọ.

Ti àkọ́kọ́ ni pé ìbínú máa ń ṣìnà. A bínú sí ọ̀gá, ṣùgbọ́n ọwọ́ wa kò tó o. A wá yí ojú sí aláìní tí ó gba ìrẹsì. A ní, "Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n jẹ owó oṣù mi." Ará mi, kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Opó tí ó tò sórí ìlà láti òwúrọ̀ kò mọ ìgbà tí a kọ ìwé rẹ. Òun àti ìwọ, inú oòrùn kan náà ni ẹ wà. Bí Èṣù bá mú kí tálákà kórìíra tálákà, ẹni tí ó jẹ̀bi yóò jókòó pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Ti èkejì ni pé ìbínú lè mú kí a kẹ́gàn àánú fúnra rẹ̀. Nítorí pé a ti rí ẹni tí ó fi ọrẹ bo ẹ̀tọ́ mọ́lẹ̀, a óò sọ pé ẹ̀tàn ni gbogbo ọrẹ, a óò sì di ọwọ́ tiwa pa. Ayédèrú owó tí a rí ní ọjà kò ní kí a da owó tòótọ́ nù. Opó inú Ìhìnrere Máàkù, orí 12, fi owó kékeré méjì sínú àpótí, láàrin àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń sọ owó ńlá síbẹ̀. Jésù kò sọ pé kí ó dá owó rẹ̀ dúró nítorí tiwọn.

Ti ẹ̀kẹta ni ẹ̀san. Ẹnì kan lè máa rò ó pé, bí wọ́n ti lé òun, òun yóò tú àṣírí oníbàárà síta, òun yóò ba ìwé jẹ́, tàbí òun yóò parọ́ mọ́ ẹni tí a fi sípò òun. Níbẹ̀ ni ẹni tí a jà lólè fi ń di olè. Inú bíbí kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà.

Sùúrù kì í ṣe pé kí a kawọ́ gbera. Póòpù Leo Kẹtàlá, nínú lẹ́tà rẹ̀ Rerum Novarum ti ọdún 1891, gbèjà ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́ sí owó iṣẹ́ tí ó tó jẹun, àti ẹ̀tọ́ wọn láti kó ara wọn jọ sí ẹgbẹ́. Nígbà tí a yan Póòpù Leo Kẹrìnlá ní ọdún 2025, ó sọ pé nítorí lẹ́tà yẹn gan-an wà lára ìdí tí òun fi mú orúkọ náà. Ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀, òfin iṣẹ́ ti ọdún 1998 là á sílẹ̀ pé kí òṣìṣẹ́ tí ó ní ẹjọ́ pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀ kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ alábòójútó iṣẹ́ ti ìjọba, kí ó gbìyànjú láti parí rẹ̀. Bí kò bá parí, ilé ẹjọ́ wà. Lọ síbẹ̀. Mú ìwé rẹ lọ. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí ènìyàn béèrè ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀.

Ìdáríjì ńkọ́? Ìdáríjì kò pa ẹ̀tọ́ rẹ́. Ẹni tí ó dárí ji ọ̀gá rẹ̀ lè ṣì gba owó rẹ̀ ní ilé ẹjọ́. Ohun tí ó fi sílẹ̀ ni ìfẹ́ pé kí ibi bá ọ̀gá náà. Katikísímù jẹ́wọ́, ní ìpín 2843, pé kò sí ní agbára wa láti má ṣe mọ ìrora náà mọ́ tàbí láti gbàgbé rẹ̀. Ọkàn tí ó bá fi ara rẹ̀ fún Ẹ̀mí Mímọ́ ni Ẹ̀mí náà yóò sọ ọgbẹ́ rẹ̀ di àánú. Nítorí náà, katekúmẹ́nì tí inú ń bí kò gbọdọ̀ sá fún Ìrìbọmi. Kí ó gbé ìbínú náà wá, kí ó sọ ọ́ fún àlùfáà tàbí olùkọ́ rẹ̀. Èyí tí ó léwu ni ìbínú tí a fi pamọ́.

4. Àwa náà ńkọ́?

Ó rọrùn láti dá báǹkì lẹ́bi. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò ní báǹkì. Ṣùgbọ́n ta ni ó ń fọ aṣọ ní ilé wa? Ta ni ó ń ru ẹrù wa ní ọjà? Ta ni ó ń gbá ṣọ́ọ̀bù, tí ó ń kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ wa láti ọdún mẹ́ta, tí a kò tíì jẹ́ kí ó gba òmìnira? Ẹni tí ó ní ọmọ ọ̀dọ̀ kan ṣoṣo ti di ọ̀gá, Òfin Keje sì ń bá a wí.

Ní ìlú wa yìí, a mọ àwọn ọmọ tí àwọn Fọ̀n ń pè ní vidomègon, àwọn ọmọ tí a fi síkàáwọ́ ẹlòmíràn. Àṣà rere ni ní ìpìlẹ̀rẹ̀: ọmọ ẹ̀gbọ́n wá sí ìlú ńlá kí ó lè kàwé. Ṣùgbọ́n ní ilé púpọ̀, ọmọ náà ń kiri ọjà láti àárọ̀ títí di alẹ́, ọmọ onílé sì wà ní ilé ìwé. Ní ọjọ́ Àìkú, onílé yóò wọ aṣọ tuntun, yóò fi owó sínú àpótí, a óò sì ka orúkọ rẹ̀ síta níbi ìkórè. Ẹni tí ó bá fẹ́ dáṣọ fún ni, ti ọrùn rẹ̀ ni à á wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ fún Ọlọ́run ní nǹkan, ọmọ inú ilé ìdáná rẹ̀ ni Ọlọ́run ń wò.

Ìwé Tóbítì, orí kẹrin, kọ́ wa pé kí owó alágbàṣe má ṣe sùn lọ́wọ́ wa mọ́jú. Ìwé Diutarónómì, orí 24, ní kí a san án kí oòrùn tó wọ̀, nítorí pé òun ni ọkàn alágbàṣe gbé lé. Ìwé Mímọ́ kò sọ pé báǹkì nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn.

5. Ohun tí a óò ṣe kí Alẹ́ Àjíǹde tó dé

Ní ọjọ́ Àìkú kẹta, ìkẹrin àti ìkarùn-ún ti Lẹ́ǹtì, Ìjọ yóò gbàdúrà lórí ẹ̀yin tí a ti yàn fún Ìrìbọmi, kí Olúwa yẹ ọkàn yín wò, kí ó sì wò ó sàn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí àwọn ọjọ́ náà kọjá lásán.

Kí olúkúlùkù jókòó ní alẹ́ kan, kí ó mú ìwé àti kálámù, kí ó kọ orúkọ gbogbo ẹni tí ó bá a ṣiṣẹ́ tí kò tíì gba owó rẹ̀ pé. Lẹ́yìn náà, kí ó san án. Bí owó kò bá tó, kí ó lọ bá onítọ̀hún, kí ó sọ òtítọ́ fún un, kí wọ́n sì jọ dá ọjọ́. Kí ó ṣe èyí kí ó tó ra aṣọ funfun, àti kí ó tó pe àlejò síbi àsè Ìrìbọmi. Àsè tí a fi owó alágbàṣe sè kì í dùn lẹ́nu àwọn áńgẹ́lì. Jésù ní, bí a bá ti mú ẹ̀bùn dé iwájú pẹpẹ, tí a sì rántí pé arákùnrin wa ní ohun kan sí wa, kí a fi ẹ̀bùn náà sílẹ̀, kí a kọ́kọ́ lọ bá a làjà.

Kí ẹni tí a dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ yan aláìní kan, bí ó ti wù kí ọrẹ náà kéré tó, kí ó sì fún un ní nǹkan ní ìkọ̀kọ̀. Oògùn ni fún ọkàn tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í korò.

Kí ẹni tí iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ kí ẹni tí a dá dúró. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sọ pé ohun tí ó dùn wọ́n ju ìwé ìdádúró lọ ni pé àwọn ọ̀rẹ́ kò yà sọ́dọ̀ wọn mọ́.

Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Kí ni ẹ̀tọ́? Ohun tí ó jẹ́ ti ẹnì kejì mi, tí mo gbọ́dọ̀ fún un.

Kí ni ọrẹ àánú? Ohun tí ó jẹ́ tèmi, tí mo fi fún aláìní nítorí ìfẹ́ Ọlọ́run.

Èwo ni ó ń ṣáájú? Ẹ̀tọ́ ni ó ń ṣáájú. Ọrẹ kò lè san gbèsè ẹ̀tọ́.

Ǹjẹ́ ó jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kí inú bí òṣìṣẹ́ tí a rẹ́ jẹ? Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ fúnra rẹ̀. Ó di ẹ̀ṣẹ̀ bí a bá fi í kórìíra ènìyàn, tàbí bí a bá fi í gbẹ̀san.

Ǹjẹ́ ẹni tí ó dárí jini ṣì lè béèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni, ní ọ̀nà òtítọ́ àti ti òfin.

Àdúrà

Jésù Olúwa, ìwọ tí o fi ọwọ́ rẹ ṣiṣẹ́ káfíńtà ní Násárẹ́tì, wo àwọn tí a ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Má ṣe jẹ́ kí ilé wọn ṣófo, má sì ṣe jẹ́ kí ọkàn wọn korò. Fi ìbẹ̀rù rẹ sí ọkàn àwọn ọ̀gá, kí wọ́n san ẹ̀tọ́ kí wọ́n tó na ọwọ́ ọrẹ. La ojú àwa náà, kí a rí ẹni tí ń sìn wá nínú ilé wa. Nígbà tí a bá sì dé ibi omi Ìrìbọmi, jẹ́ kí ọwọ́ wa mọ́, kí a má jẹ ẹnikẹ́ni ní ohunkóhun bí kò ṣe ìfẹ́. Ìwọ tí ó wà láàyè, tí ó sì ń jọba láé àti láéláé. Àmín.

Mímọ́ Jósẹ́fù, olùgbèjà àwọn òṣìṣẹ́, gbàdúrà fún wa.